Ìlà Méje Nínú Ẹ̀rọ Ìsàba

Usamah Ìyàndá ta ẹ̀rọ ìsàba mọ́kànlá ní Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ láàárín ọdún méjì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí òun fúnra rẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ délẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kan àpótí pákó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń so gílóòbù mọ́ inú rẹ̀ kó lè móoru bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀ọ́dúnrún ẹyin sínú àwo tí yóò máa yí wọn padà títí ọjọ́ mọ́kànlélógún yóò fi pé tí ọmọ adìẹ yóò jáde. Ohun tí kò mọ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún iná pé kó tàn, tó tún ń sọ fún un pé kó kú. Ọkùnrin ará Hólàǹdì kan tó ń jẹ́ Ruud ló kọ ìyẹn. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Usamah fẹ́ ẹ. Ó ti gba HND nínú iṣẹ́ iná mànàmáná ní polí, ó ti sin ìjọba fún ọdún kan ní Kẹ́bbí, ó ti padà sí Ẹdẹ, ó sì ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin tó ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ètò Ruud ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un láìbi í pé ta ló rán an wá. Ìwé àṣẹ kan wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GPL, ẹ̀dà kẹta. Ìwé náà gùn. Usamah fi ìka kan yí i kọjá, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ti kà á tẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó pa orúkọ Ruud rẹ́ kúrò lójú ẹ̀rọ, ó fi USAMAH TECH, ẸDẸ rọ́pò rẹ̀. Ó wá fi ìlà méje tirẹ̀ kún ìlà ẹgbẹ̀rún méjìlá tí Ruud kọ. Ìlà méje yìí nìkan ló kọ láyé rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìsí àṣìṣe, inú rẹ̀ sì dùn sí i gan-an. Iṣẹ́ wọn kò ju báyìí lọ: tí ẹ̀rọ bá ti sàba lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tó bá di ìkarùn-ún, ooru inú rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, á sì kọ ọ́ sójú gbangba pé: PE USAMAH.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ á pe Usamah. Usamah á gun ọ̀kadà wá láti Òkè-Gádà pẹ̀lú báàgì dúdú kan. Á tú nọ́ọ̀tù mẹ́rin, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, á mi orí. "Eruku ni," ni yóò wí. Eruku náà ni nígbà gbogbo, títí kan àkókò òjò. Á tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á padà, á gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, á máa lọ.

Kí èyí lè máa rí bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn tí yóò ṣí ẹ̀rọ. Nígbà tó gbọ́ pé atúnrédíòṣe kan ní Sábó ti mú sukudíráfà lọ́wọ́, tó ń yí ẹ̀rọ kìíní po, kò lọ bá a jà. Ó lọ ra aṣọ pupa. Ó já a wẹ́wẹ́, ó ṣa ìkarahun ìgbín lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó fi kùkù àgbàdo kún un, ó sì so wọ́n mọ́ ojú nọ́ọ̀tù ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ààlè ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá lára igi ìdáná tí wọ́n so ààlè mọ́ lọ́nà oko mọ ohun tó ń sọ: èmi lolówó mi, má fọwọ́ kàn mí. Usamah kò pe ohunkóhun sí i. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè sí i. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló máa ṣe ẹni tó bá tú u, á wolẹ̀, á ní, "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u." Kò purọ́. Ó kàn ń dákẹ́ níbi tó mọ̀ pé irọ́ á ti sọ ara rẹ̀.

Lẹ́tà Ruud dé ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Ó wọlé sórí fóònù Usamah níbi tó ti ń mu ẹ̀kọ. Ó gbé fóònù náà fún ìyàwó rẹ̀, Kaosarah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í tún ohun tó bá kà ṣe kó lè dùn létí ẹni.

"Bàbá Ibtisam, ọwọ́ ti tẹ̀ yín," ni Kaosarah wí.

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ẹni tó kọ ètò. Ó rí fídíò tí ẹ gbé sórí Fesibúùkù. Ó ní àwọn tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ ètò tó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ènìyàn ṣe kọ ọ́ tí ènìyàn fi lè kà á. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i padà. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á pàápàá. Ó ní kí ẹ fún wọn, kí ẹ fún wọn ní ìwé àṣẹ náà, kí ẹ sì dá orúkọ òun padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní. Tí ẹ bá ṣe é tán, ọ̀rọ̀ tán, torí ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí. Tí ẹ ò bá ṣe é, ẹ ò gbọdọ̀ ta ẹ̀rọ tí ètò òun wà nínú rẹ̀ mọ́ láéláé."

"Ọ̀fẹ́ ló fún mi!"

"Ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ lè fún àwọn náà. Ó wà nínú ìwé tí ẹ tẹ̀ pé ẹ ti kà." Ó fi ìka ti ojú ewé sókè. "Àwòrán wà nísàlẹ̀ o. Ó ya ọfà sí ara ìkarahun ìgbín. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yìí ń ṣe."

Usamah dáhùn pé ààbò ni. Ruud béèrè lọ́jọ́ kejì pé irú ààbò wo, ṣé ó ń lo iná, ṣé àkọsílẹ̀ wà fún òun náà. Usamah dáhùn pé kò lo iná. Ó ní àṣà ìbílẹ̀ ni, pé àwọn ènìyàn gbà pé ikùn ẹni tó bá tú u á wú. Ó rò pé òyìnbó á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ruud kò rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jọ, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin jíròrò, wọ́n sì fi ojú ewé méjì dáhùn. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá ikùn máa ń wú lóòótọ́, kò sì kan àwọn. Ṣùgbọ́n abala kẹwàá ìwé àṣẹ sọ pé ẹni tó bá ń pín ètò náà kò gbọdọ̀ fi ìdènà mìíràn kún èyí tó wà nínú ìwé. Lójú tiwọn, ikùn wíwú jẹ́ ìdènà mìíràn. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá tú ààlè mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kó sì fi àwòrán ránṣẹ́.

Ààlè kọ́ ló ń dun Usamah. Àkísà ni, ó lè tú u. Àkọsílẹ̀ ló ń dùn ún. Ó yọ ìlà méje tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí Ruud pé kó wò ó bóyá ó pé. Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Kaosarah kà á tán, kò sì gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó ní nínú fídíò yín, ẹ̀rọ kan kọ nǹkan kan sójú, nǹkan náà kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ó ní kí ni Pe Usamah?" Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Kí ni Pe Usamah, Bàbá Ibtisam?"

Ó sọ fún un, torí obìnrin náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Kaosarah gbé fóònù sílẹ̀.

"Gbogbo eruku yẹn," ló wá wí.

Òun ló kọ èsì padà sí Ruud, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ìdáhùn Ruud kúrú. Ó ní ìwé àṣẹ kò sọ pé kí ènìyàn má kọ ìlà burúkú. Ó sọ pé kó má fi í pamọ́ fún ẹni tó ra ẹ̀rọ. Ìlà méje náà lè wà níbẹ̀ títí ayé, tó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀.

Ohun tó wà níwájú Usamah kò lọ́jú pọ̀. Tó bá fi ìlà méje sínú àkọsílẹ̀, ẹni tó bá kà á á rí ohun tó ṣe. Tí kò bá fi í sí i, ètò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tán, ó tún di ẹni tó ń kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ọ̀nà kẹta wà: kó yọ ìlà náà kúrò nínú ẹ̀rọ gbogbo, kó fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀rọ tí kò ní ìtìjú nínú. Ó wá sí i lọ́kàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà náà wá sí i lọ́kàn, èyí sì lé ìyẹn jáde. Ní ìparí, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó fọkàn rẹ̀ balẹ̀: ta ló máa kà á? Ìlà ẹgbẹ̀rún méjìlá. Láàárín àwọn ọlọ́sìn adìẹ. Ní Alajue, lẹ́yìn ìlú Ẹdẹ.

Ó ra fúláàṣì mọ́kànlá. Ó fi àkọsílẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìlà méje nínú, ó tẹ ìwé àṣẹ mọ́kànlá, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n láti lọ pín wọn, láti tú ààlè, kó sì dá orúkọ Ruud padà sójú ẹ̀rọ.

Méje àkọ́kọ́ wà nínú ìlú Ẹdẹ. Ààlè ara wọn tú láìsí wàhálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n lọ dúró sójú títì nígbà tó ń tú u, tí obìnrin kan sì kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò. Wọ́n gba fúláàṣì bí ẹni gba ìwé ìkéde ìsìnkú. Ẹnì kan bi í pé ṣé orin wà nínú rẹ̀.

Ìkẹjọ wà ní Sekona, lọ́wọ́ Díákónì Jacob Adébísí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀ létí títì.

"Ẹ káàsán o, Díákónì. Ààlè ara ẹ̀rọ ni mo wá tú."

"Ẹnjiníà, o kò ní tú u."

"Díákónì, mo rò pé onígbàgbọ́ ni yín, ẹ ò gba irú nǹkan báyìí gbọ́."

"Mi ò gbà á gbọ́ rárá. Mo ti bá a wí lórúkọ Jésù lọ́jọ́ tí o gbé e wá." Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ mi. Wọ́n jí páànù orí ilé adìẹ. Wọ́n jí ajá, ajá tí mo rà kó máa ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ rẹ nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Èmi kọ́ ló gba ààlè gbọ́, Ẹnjiníà. Àwọn olè ló gbà á gbọ́."

Usamah kọ ímeèlì sí Ruud láti abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé Díákónì, ó béèrè bóyá ààlè lè dúró tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fẹ́ ẹ. Ruud dáhùn kí wákàtí kan tó pé: ẹni tó ni ẹ̀rọ lè so ohunkóhun tó bá wù ú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó tà á ni kò gbọdọ̀ so ó. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá tú u, kí oníbàárà rẹ̀ tún un so fúnra rẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" Díákónì dìde. "Kí díákónì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ààlè? Kí n wá sọ kí ni fún ìjọ? Èyí tí mo rà mọ́ ara ẹ̀rọ, mo rà á mọ́ ọn ni."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà. Nígbà tó pẹ́, Díákónì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tú u. Ya fọ́tò rẹ. Tí o bá tú u tán, gbé e sílẹ̀ lórí àpótí níbẹ̀ yẹn. Kí o wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

Usamah gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mẹ́ta ló kù, gbogbo wọn sì wà ní Alajue. Ohùn kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ohùn Ìyá Àwáwù, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́sìn adìẹ agbègbè náà, ìyá àgbà kan tí kì í bínú sókè. Usamah ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ ló máa le, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, Ìyá Àwáwù lọ sí Ìlọrin fún ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Sàdíátù, ló fi sílé pẹ̀lú ẹyin. Ẹ̀rọ kọ PE USAMAH sójú. Sàdíátù pe Usamah nígbà mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Usamah rí i. Ó wà ní Ìbàdàn níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rò pé ẹyin lè dúró di ọjọ́ Ajé. Ẹyin kò dúró. Nígbà tó dé, ọ̀ọ́dúnrún ti tutù, Ìyá Àwáwù sì ti padà. "Ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan ààlè yìí ni?" ni ìyá bi í. Usamah wolẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè sọ." Wọ́n dá Sàdíátù padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìwó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ ló lọ bẹ̀bẹ̀ kó tó padà. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kó kọjá níwájú ẹ̀rọ.

"Ẹnjiníà," ni Ìyá Àwáwù kí i báyìí láti ibi tó ti ń ṣa ẹyin, "ṣé eruku ni?"

"Rárá, Ìyá. Ààlè ni mo wá tú."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Wọn kì í déédéé tú ààlè. Bóyá wọ́n ti ta oko, bóyá ẹni tó so ó ti kú. Èwo ni?"

"Òyìnbó ló ní kí n tú u."

"Òyìnbó ló so ó ni?"

"Èmi ni mo so ó, Ìyá."

"Ó dáa. Kí lo pè sí i nígbà tí o so ó? Ohun tí o pè sí i náà ni wàá pè padà kí o tó tú u. Èmi ò ní jẹ́ kí ikùn ẹnikẹ́ni wú nínú ilé yìí."

"Mi ò pe nǹkan kan sí i. Àkísà lásán ni."

Ìyá Àwáwù gbé ẹyin ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo jẹ́jẹ́.

"Àkísà lásán," ló wí. "Kí ló wá ba ọ̀ọ́dúnrún ẹyin mi jẹ́ lọ́yẹ́?"

Usamah ya ẹnu. "Eruku, Ìyá."

Ní àkókò yìí ni Sàdíátù gbé omi wá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó rí fúláàṣì àti ìwé àṣẹ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn?"

"Àkọsílẹ̀ ètò tó wà nínú ẹ̀rọ ni, ìyàwó wa. Òyìnbó ní kí a máa fún gbogbo ẹni tó rà á."

"Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́?"

"Èdè òyìnbó ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe nǹkan tí a lè kà."

"Òyìnbó kọ̀ǹpútà wo, ẹ̀gbọ́n? Ti C ni, àbí Páítọ́ọ̀nù?"

Usamah gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wọ etí rẹ̀, wọ́n sì dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé, ṣùgbọ́n obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ wé ìborùn tó ti ṣá, ó sì ní ìgbẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀, èyí kò sì fún un láyè láti gbà pé òun gbọ́ ohun tí òun gbọ́. Wọ́n ti sọ fún un rí pé ìyàwó ọmọ Ìyá Àwáwù gba OND nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ó ń ka owó lọ́wọ́.

"Gbé e wọlé," ni Ìyá Àwáwù wí fún Sàdíátù. "Ìwọ náà sì gbọ́, Ẹnjiníà. Ọjọ́bọ̀ tí kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, ẹgbẹ́ máa jókòó. Wàá wá tú u níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wàá sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó jẹ́. Tí o kò bá wá, ààlè rẹ á wà níbẹ̀ títí."

Ọjọ́bọ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ohun tí Usamah lè ṣe ju kó gbà.

Wọ́n jókòó níwájú ilé ìtajà oúnjẹ adìẹ, bí ènìyàn ogún, lórí bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́rin. Díákónì Adébísí wá láti Sekona. Wọ́n to ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú bí ẹni to àwọn ọ̀daràn. Usamah dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ tó ti há sórí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e wá.

"Ẹ̀yin àgbà, ààlè yìí kì í ṣe nǹkan kan. Àkísà ni mo rà lọ́jà. Ìgbín yìí, a jẹ ẹ́ nílé wa. Mo so ó kí wọ́n má baà jí ọgbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ariwo díẹ̀ ta. Bàbá kan ní òun ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀rọ tòun láràárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Usamah fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀kan, ó gé èkejì, ó gé ẹ̀kẹta. Ikùn ẹnikẹ́ni kò wú. Ó mí kanlẹ̀. Ó ti fọwọ́ kan fóònù láti ya àwòrán ìkẹyìn nígbà tí Sàdíátù dìde lẹ́yìn, tó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, tó sì tú ìwé kan tó ti da ìlà díẹ̀ kọ sí.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, mo ti ń kà á láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ó dáa gan-an, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n. Ìlà méje kan ni kò yé mi. Kò jọ tirẹ̀. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀."

"Ìyẹn... ìṣirò ni, ìyàwó wa."

"Ìṣirò kí ni?"

Usamah wolẹ̀. Ohun tó ti ń gbà á láti ọdún méjì nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, ilẹ̀ kò gbà á.

"Tí wọn kò bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, màá túmọ̀ rẹ̀," ni Sàdíátù wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì. "Èkíní ní: ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ ti sàba. Èkejì ní: tó bá ti pé mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ní: mú ooru wálẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní: má jẹ́ kó gòkè mọ́. Ẹ̀karùn-ún ní: kọ ọ́ sójú pé Pe Usamah. Ẹ̀kẹfà ní: dúró títí ẹnì kan á fi tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀. Èkeje ní: bẹ̀rẹ̀ láti èkíní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Eruku ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè.

"Mo wá eruku," ni Sàdíátù wí. "Kò sí nínú rẹ̀."

Díákónì Adébísí ń fi ìka ka iye ìgbà tó ti sanwó fún Usamah. Ó dé ẹ̀kẹfà, ó dúró, ó tún un kà.

Ìyá Àwáwù sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ nu ibi tó sún kúrò.

"Sàdíátù. Wá jókòó."

Ìyàwó ilé kì í bá ìyá ọkọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ẹgbẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sàdíátù wá, ó jókòó. Ìyá Àwáwù kò wo ojú rẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó fi í síbẹ̀.

Wọn kò na Usamah. Wọn kò bú u pàápàá. Ìyá Àwáwù ló bi í léèrè, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń bójú tó àlejò.

"Ẹnjiníà, ṣé ó ku ohun tí òyìnbó ní kí o ṣe?"

"Ó ku fọ́tò, Ìyá."

"Yà á."

Wọ́n tún aṣọ wọn ṣe. Wọ́n dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ènìyàn ogún, ojú gbogbo wọn le bí òkúta, Sàdíátù láàárín. Usamah yà á lẹ́ẹ̀mejì.

Èsì Ruud dé ní ọjọ́ ọgbọ̀n gangan. Ó ní gbogbo nǹkan ti pé. Ó ní ẹ̀tọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá ti padà sí i, títí láé. Ó ní inú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun dùn sí àwòrán náà, pé àwùjọ àwọn ènìyàn tó lọ́yàyà ni wọ́n. Usamah tẹ lẹ́tà náà sórí pépà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà lábẹ́ òfin pátápátá. Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá ra nǹkan kan.

Sàdíátù ló ń tà á. Ó yọ ìlà méje kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò gba kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan tirẹ̀ pẹ̀lú káfíńtà kan ní Alajue. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ rẹ̀ á kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí lójú rẹ̀, kí ooru tó bẹ̀rẹ̀: *Ruud, ará Hólàǹdì, ló kọ ètò yìí. Usamah Ìyàndá, ará Ẹdẹ, fi ìlà méje kún un kí ẹyin lè máa tutù kí ẹ lè máa pè é. Sàdíátù, ará Alajue, yọ ìlà méje náà.* Ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Usamah kọ ímeèlì sí Ruud pé kó bá òun sọ fún obìnrin náà kó yọ orúkọ òun. Kaosarah bá a tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ruud dáhùn pé ó ṣeni láàánú, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abala karùn-ún ní kí ẹni tó bá yí ètò padà sọ ọ́ kedere pé òun yí i padà, àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Abala kẹrin ní kò gbọdọ̀ pa orúkọ àwọn tó kọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ó ní obìnrin náà ti ṣe é lọ́nà tó gún régé jù lọ tí òun tíì rí. Ó ní òun ti fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá sí Òkè-Gádà láti Ìwó. Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó wo Usamah tó jókòó lórí àpótí pákó tí kò tíì rí ẹni tó máa rà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí ni mo ti lè rí Usamah? Ti ojú ẹ̀rọ yẹn. Mo kàn fẹ́ rí i lójú ni."

"Rárá," ni Usamah wí. "Ó ti kó lọ."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wo pátákó tó wà lórí ilẹ̀kùn, USAMAH TECH, ẸDẸ, lẹ́tà pupa gàdàgbà. Ó kà á tán, kò sì yára. Ó tún wo ẹni tó jókòó.

"Ẹ bá mi kí i o," ló wí, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.